Ìlà Méjìléláàádọ́fà àti Ìwé Kan Ṣoṣo

Ní ọ́fíìsì awọnlẹ̀ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Iléṣà, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ògiri, ṣùgbọ́n tí gbogbo wa ń pa mọ́. Ìwé ńlá náà kì í kúrò lórí tábìlì bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó ni yóò dìde lọ bá a níbẹ̀. Yóò fọ ọwọ́ nínú abọ́ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, yóò nù ún gbẹ, yóò sì fi ìka kan ṣoṣo tọ nọ́ńbà tó ń wá. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí mi, nítorí nílé wa a kì í fọwọ́ kan Kùránì láìṣe àlùwàlá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìwé ìṣirò ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá tí mo ń wí yìí ni àgbà akọ̀wé wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ti ń bá àwọn awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́ kí òmìnira tó dé. Ó ní ìdí tó fi le lórí ìwé náà. Epo mọ́ínmọ́ín ló ba èyí tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́. Ẹnì kan jẹun sórí rẹ̀, epo kán sórí nọ́ńbà ẹ̀ta, ẹ̀ta di ẹ̀jọ, wọ́n sì dá púláànù ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni padà láti ọ́fíìsì ìjọba ní Ìbàdàn. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti gbé abọ́ omi sẹ́nu ọ̀nà.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ìwé náà wà fún. Bí àwọn awọnlẹ̀ bá wọn ilẹ̀ nínú igbó, ìlà ni wọ́n ń mú bọ̀ wálé. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní gígùn tirẹ̀, ó sì ní ibi tó kọjú sí. Kí a tó lè yà á sórí pépà, a gbọ́dọ̀ mọ bí ìlà náà ṣe lọ sí àríwá tó, àti bó ṣe lọ sí ìlà oòrùn tó. Nọ́ńbà méjì ni a ń wá fún ibi tí ìlà kọjú sí, kí a tó fi gígùn rẹ̀ sọ wọ́n di púpọ̀. Bí ènìyàn bá ní òun yóò fi ọwọ́ ara òun wá nọ́ńbà méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò pẹ́ nídìí ìlà kan ṣoṣo. Nítorí náà ni àwọn kan nílùú òkèèrè fi jókòó ṣe ìṣirò náà tán lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ibi tí ìlà lè kọjú sí, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Iṣẹ́ tiwa kò ju kí a ṣí i wò lọ. Bóyá ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi rò pé wíwò lè jẹ́ iṣẹ́ ńlá.

Ọmọ Òṣogbo ni èmi. Bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára agbádá àti fìlà, ìyá mi sì ń ta òwú tí wọ́n fi ń ṣe é. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, mo sì jáde ní ọdún kejì tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Ẹnu mi kò yá. Nílé, wọ́n máa ń sọ pé bí wọ́n bá bi mí bóyá òjò ń rọ̀, màá kọ́kọ́ na ọwọ́ síta ná. Oṣù mẹ́ta ni mo ti lò ní ọ́fíìsì náà kí n tó sọ ohun tó jọ èrò tèmi, ọjọ́ tí ìyá kan wá láti abúlé kan lẹ́yìn Iwaraja ni mo sì sọ ọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Kòkó àti obì ni iṣẹ́ abúlé wọn. Ìjọba ti ṣèlérí ilé ẹ̀kọ́ girama kan fún agbègbè náà, abúlé mẹ́ta ló sì ń dù ú. Abúlé tó bá fi ilẹ̀ sílẹ̀, tí púláànù ilẹ̀ náà sì dé Ìbàdàn kí ọ́fíìsì tó pa dé lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, ni wọn yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Títí di ìgbà náà, bí ọmọ wọn bá ti ka ìwé mẹ́fà tán, ó ti parí nìyẹn, àfi ẹni tó bá ní ará ní Iléṣà tí yóò gbà á sílé. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní.

Ìyá náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

“Ṣé púláànù wa ti wà nílẹ̀?” ó béèrè.

Ọ̀gá wa, awọnlẹ̀ tó ni ọ́fíìsì, dá a lóhùn. “Màmá, wíwọ̀n ti parí. Ìṣirò ló kù. Ẹ̀yin náà lẹ ò jẹ́ kí ilẹ̀ yín tọ́.”

“Báwo ni yóò ṣe tọ́? Ẹni tó ní òun ò fi oko òun sílẹ̀, ṣé kí n yọ àdá sí i ni?”

Akọ̀wé kejì, ọkùnrin kan tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lórí òun láìfọwọ́ kàn án, gbé orí sókè. “Màmá, ilẹ̀ yẹn rí kọ́lọkọ̀lọ bí ìfun ewúrẹ́.”

“Ìfun ewúrẹ́ ọ̀hún kọ́ lò ń jẹ lọ́bẹ̀?” ìyá náà bi í. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà gan-an sì ni ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ààlà ilẹ̀ náà yí oko ẹni tó kọ̀ ká, ó tẹ̀ lé odò, ó tún padà. Ìlà méjìléláàádọ́fà ni. Ọ̀gá wa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó fi bírò kan pépà díẹ̀díẹ̀. Ìlà mẹ́rin ni a ń ṣe ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé yóò gba wákàtí méjìdínlọ́gbọ̀n. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni òun fẹ́ fi ya púláànù náà, nítorí náà ìṣirò gbọ́dọ̀ parí ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé sí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, bí a kò bá tilẹ̀ dúró mí, wákàtí ogún ó lé díẹ̀ péré ni a ní láti fi ṣiṣẹ́.

“Ẹ̀rọ yìí ni,” ó wí. Ẹ̀rọ ìṣirò tí a ń fi ọwọ́ yí ló ń tọ́ka sí. Ọ̀kan ṣoṣo ni a ní. “Màá ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí wọ́n yá wa ní òmíràn.”

“Ọ̀gá,” mo wí, “ẹ̀rọ kọ́ ló ń dá wa dúró.”

“Ẹ gbọ́ o!” akọ̀wé kejì pariwo. “Sisí Yunifásítì sọ̀rọ̀! Ẹ lọ kó aṣọ yín nílẹ̀, òjò ń bọ̀.”

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. “Kí ló wá ń dá wa dúró?”

“Ìwé ni.”

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ máa ń jáde bí inú rẹ̀ bá ru. “Uwé? Uwé mi? Kí ni uwé mi ṣe?”

Mo mú ìwé kékeré kan jáde nínú dúrọ́ọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti fi aago ọwọ́ mi ka ìṣẹ́jú tí a ń lò lórí ìlà mẹ́wàá, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìlà kan ń gbà, mẹ́rin ni ti ẹ̀rọ, ọ̀kan ni ti kíkọ sílẹ̀. Mẹ́wàá tó kù, ìdí ìwé ló ń lọ sí. Kì í ṣe pé bàbá ń fa iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, mo sì rí i dájú pé mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Dídìde ni, ọwọ́ fífọ̀ ni, dídúró de ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ni, àti ṣíṣí ewé síwá sẹ́yìn. Ìlà kan kọjú sí àríwá, ìlà tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí ìlà oòrùn, ìkẹta tún padà sí ibi tí a ti ń bọ̀. Nínú ìlà mẹ́wàá tí mo fi aago ṣọ́, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ojú ewé tí a nílò wà nítòsí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wò.

Mo sọ èyí tí kò ṣiṣẹ́ fún wọn pẹ̀lú. Èrò tí mo kọ́kọ́ ní ni pé kí n da díẹ̀ nínú ìwé náà kọ sórí páálí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a máa wò ó lórí àga wa, kí a sì máa fojú díwọ̀n ohun tó bá bọ́ sáàárín nọ́ńbà méjì. Mo dán an wò lórí ìlà márùn-ún. Ìdíwọ̀n náà pẹ́ ju ìrìn lọ sídìí tábìlì bàbá lọ, méjì nínú márùn-ún sì ṣì. Mo ti ya páálí náà.

“Kí lo wá fẹ́ kí a ṣe?” ọ̀gá béèrè.

“Kí a kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sórí pélébé ìwé tirẹ̀. Kí a wá to gbogbo rẹ̀ bí ibi tí wọ́n kọjú sí ṣe tò sínú ìwé ńlá, láti orí ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. A ó ṣí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, a ó máa lọ síwájú, a kò ní padà sẹ́yìn.”

Bàbá mirí. “Ẹni tó ń wọnlẹ̀ nínú igbó kì í fo ìlà. Láti ìlà kìíní sí èkejì sí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe fi hàn mí.”

“Bàbá, a kò ní fo ìlà kankan. Fífò tí a ń fò káàkiri inú ìwé nìkan la fẹ́ dáwọ́ rẹ̀ dúró.”

“Ta ni yóò wá gbé uwé náà lọ sí orí àga ta ni?”

“Kò ní kúrò lórí tábìlì yín. Ẹ̀yin lẹ máa kà á fún mi. Èmi ni màá wá jókòó tì yín.”

Ìyẹn tù ú lójú. Ó wọ awò ojú rẹ̀ padà. N kò rò pé ó gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo béèrè tó lòdì sí òfin rẹ̀, èmi náà sì ti rò ó dáadáa kí n tó la ẹnu.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a gé ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ sí pélébé, tí a kọ nọ́ńbà ìlà, gígùn rẹ̀ àti ibi tó kọjú sí sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kà wọ́n: méjìléláàádọ́fà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti akọ̀wé kejì tẹ́ wọn sílẹ̀ bí ẹni ń ta káàdì, a sì tò wọ́n. Bàbá fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣí ìwé náà. Ó ń ka nọ́ńbà, mo ń kọ, mo ń kà á padà fún un, ó ń wí pé “Ó dáa.” Nígbà mìíràn ìlà mẹ́rin wà lójú ewé kan ṣoṣo. Nígbà tí a kọ́kọ́ bá irú rẹ̀ pàdé, bàbá wò mí láti orí awò ojú rẹ̀, ó sì ń kà lọ. A dúró nígbà tó lọ jẹun ọ̀sán. Kí n tó dìde lọ kírun Àsárì, a ti ka gbogbo rẹ̀ tán, a sì ti gbé ẹ̀rọ síwájú.

Gbogbo Ọjọ́rú ni mo fi yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Akọ̀wé kejì ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń yẹ iṣẹ́ mi wò, ó sì ń bi mí bóyá wọ́n ń kọ́ni ní ẹ̀rọ yíyí ní yunifásítì ni tàbí pé mo ti máa ń bá ìyá mi lọ ata. Ìyá abúlé ti padà dé. Ó ní òun kò lè jókòó sílé. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ọwọ́ mi bó ṣe ń yí.

Bí ilẹ̀ bá pé, ìrìn tó lọ sí àríwá gbọ́dọ̀ bá èyí tó padà sí gúúsù dọ́gba, ti ìlà oòrùn sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwọ̀ oòrùn dọ́gba, nítorí ẹni tó bá yí ilẹ̀ ká yóò dé ibi tó ti gbéra. Nínú ìròpọ̀, èyíkéyìí tó bá ṣáájú, iye kan náà ni yóò jáde. Nítorí náà n kò dá àwọn pélébé náà padà sí ipò tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Mo rò wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe wà lọ́wọ́ mi. Mo tilẹ̀ yọ̀ pé mo ti fi ìyẹn dín ìdajì wákàtí kù.

Kò dọ́gba. Àlàfo tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà ó lé méjìlá.

Ọ̀gá wá wo pépà náà, ó jókòó. Agogo mẹ́rin ti kọjá.

“Mo wí bẹ́ẹ̀,” bàbá sọ. “Ẹ fo ìlà, ìlà náà fò yín.”

“Ṣé ó bàjẹ́ ni?” ìyá náà béèrè. Ó dìde dúró. “Ẹ má jẹ́ kí ó bàjẹ́ o. Mo ti ṣèlérí fún àwọn ènìyàn. Ọgbà obì mi gan-an ni mo fi sílẹ̀.”

“Màmá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá,” mo wí. N kì í sọ iye ìṣẹ́jú tí n kò tíì wọ̀n. Ọjọ́ náà, mo sọ ọ́, nítorí mo ti ní nǹkan kan lọ́kàn.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ nọ́ńbà kan ni a ṣì kọ, àlàfo náà lè jẹ́ iyekíye, kò sì ní jọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé odindi ìlà kan ni kò sí nínú ìròpọ̀ wa, àlàfo tí yóò fi sílẹ̀ yóò gùn tó ìlà náà gan-an, yóò sì kọjú sí ibi tí òun kọjú sí. Mo fọ ọwọ́, mo lọ sídìí ìwé bàbá, mo wá ibi tí àlàfo wa kọjú sí: àríwá tó yà sí ìlà oòrùn. Mo wá ṣí ìwé tí wọ́n fi wọnlẹ̀ nínú igbó, mo tọ gígùn àwọn ìlà náà wálẹ̀. Méjì péré ló sún mọ́ ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà ó lé méjìlá. Ọ̀kan kọjú sí gúúsù. Èkejì, ìlà kọkànléláàádọ́rin, kọjú sí àríwá tó yà sí ìlà oòrùn.

Mo wá ìlà kọkànléláàádọ́rin nínú pélébé ìwé wa. Kò sí níbẹ̀. Mo kà wọ́n. Mọ́kànléláàádọ́fà ni.

“Ìlà kan ti sọnù,” mo wí. “Ìṣirò wa kò ṣì. Èmi ni mo jẹ̀bi, mo kà wọ́n kí a tó tò wọ́n, n kò kà wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní mo dá wọn padà sí ipò wọn lónìí ni, ǹ bá ti rí i.”

A wo abẹ́ tábìlì. A da apẹ̀rẹ̀ pàǹtírí sílẹ̀. Ìyá náà pàápàá gbọn ìró rẹ̀ wò. Bàbá nìkan ni kò mira. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé ńlá náà súnmọ́ra, ó sì ń ṣí i láti ewé dé ewé nínú ibi tí a kà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Pélébé náà wà níbẹ̀, ó ti rì wọ inú ìdí ewé.

“Èmi ni,” ó wí. “Ìgbà tí mo fẹ́ lọ jẹun. Èmi kì í ká etí uwé yìí, n kì í sì í pa á dé láìsàmì sí i. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán ni mo fi há a. Ìgbà tí mo dé, mo ṣí ewé tó kàn, mo gbàgbé.”

Ọdún mélòó ni ẹnikẹ́ni ti gbọ́ kí bàbá yẹn sọ pé òun gbàgbé?

“Bàbá,” akọ̀wé kejì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “odindi ilé ẹ̀kọ́ girama lẹ fi sàmì sínú ìwé.”

Bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀, tó nu ojú. Ó wá na pélébé náà sí mi. “Gbà, ọmọ Òṣogbo. Yí ẹ̀rọ rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Nọ́ńbà méjèèjì ti wà lórí rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo fi gígùn rẹ̀ sọ wọ́n di púpọ̀, akọ̀wé kejì yẹ̀ ẹ́ wò, a rò ó mọ́ àwọn tó kù. Àlàfo tó ṣẹ́kù kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Fún ilẹ̀ tó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ní ó ti dára ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá náà béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó ti tọ́ wàyí. Mo ní ó ṣì rí bí ìfun ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pé.

Ọ̀gá ya púláànù náà ní Ọjọ́bọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyá náà kọ̀ kí ẹnikẹ́ni bá òun mú un. Ó ká a sínú ọ̀rá, ó gbé e lé ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìjàpá ọ̀gá, wọ́n gba ọ̀nà Ìbàdàn, wọ́n sì dé ibẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá fúnra rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí a ṣí ìwé náà fún ìlà ẹyọ kan mọ́. “Ẹ lọ tò wọ́n wá ná,” ni yóò wí. Ó sì fi kún un pé ká kà wọ́n kí a tó tò wọ́n, kí a tún kà wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ wa yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. N kò sọ pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ nìkan ló fà á. Apá kan rẹ̀ lè jẹ́ nítorí pé ẹnì kan jókòó sídìí ìwé láìdìde, tí kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnì kejì. N kò tíì rí ọ̀nà tí mo lè fi wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Abúlé náà gba ilé ẹ̀kọ́ náà. N kò lè sọ pé ìṣirò wa ló gbà á fún wọn. Abúlé méjì ni púláànù wọn dé lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ohun tó sì mú kí wọ́n yan ọ̀kan kò yé mi títí di òní. Ohun tó dá mi lójú ni pé ìkẹta mú tirẹ̀ dé lọ́jọ́ Ajé, wọn kò sì tú u wò.

Mo yà síbẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo ń lọ sí Àkúrẹ́. Wọn kò tíì kọ́lé tán. Abẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ, gbogbo wọn ń ka ìwé sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá náà jókòó síwájú ilé rẹ̀, kò jìnnà sí wọn, ó ń ṣa obì. Mo kí i, mo béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ.

“Ariwo wọn pọ̀ jù,” ó wí. “N ò rí oorun ọ̀sán sùn mọ́.” Ó ti apẹ̀rẹ̀ obì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè rí ibi jókòó, ó sì fi ọwọ́ sí ẹnu pé kí n dákẹ́, kí òun lè gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ.